Ọkọ̀ ìdílé: ṣé kẹ́ ẹ ra tuntun ni, àbí àlòkù?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ fún ìdílé rẹ̀, owó tó wà lọ́wọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn di ìkejì. Orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà: èèyàn mélòó ni yóò máa wọ ọkọ̀ náà, mélòó nínú wọn ló ṣì ń jókòó sórí àga ọmọdé, ta ló ga jù láàárín wọn, irú ẹrù wo lẹ sì máa ń kó sí búùtù? Ọkọ̀ tó bá kéré fún ìdílé, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ àlòkù, títà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tó bá sì ta ọkọ̀ láìpẹ́ tó rà á, àdánù ló máa ń jẹ.

Pé wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ̀ kan ń gba èèyàn márùn-ún kò ní kí àga ọmọdé mẹ́ta wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àga ọmọ ìkókó, èyí tó ń kọjú sẹ́yìn, máa ń gùn débi pé ẹni tó wà níwájú lè ní láti fa ìjókòó tirẹ̀ títí eékún rẹ̀ yóò fi kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹ gbé àga ọmọ yín dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wo ọkọ̀. Ẹ dì í mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹni tó ga jù nínú ilé sì wá jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ibi ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì: irin kékeré méjì ló yẹ kẹ́ ẹ bá níbẹ̀ fún àga ọmọ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ISOFIX tàbí LATCH. Tí kò bá sí, bẹ́líìtì nìkan lẹ máa fi dè é, kò sì rọrùn láti dì í le dáadáa bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ oníjókòó ìlà mẹ́ta lẹ fẹ́, ẹ béèrè ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Èèyàn 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlógíráàmù 70 ti di 490 kẹ́ ẹ tó gbé báàgì kan sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí ni agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Inú ìwé ọkọ̀ náà ló máa ń wà, lára àwọn mìíràn wọ́n sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ tún ṣí búùtù nígbà tí ìjókòó ìlà kẹta bá wà ní nínà. Nínú àwọn kan, àyè tó kù níbẹ̀ kò ju ti báàgì ilé ìwé méjì lọ.

Ibi tí owó ń gbà jáde

Iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ kọ́ ni iye tí yóò ná yín. Ẹ mú owó tẹ́ ẹ fi rà á, ẹ yọ iye tẹ́ ẹ máa rí nígbà tẹ́ ẹ bá tà á, kẹ́ ẹ wá ro epo, owó adójútòfò, ìtọ́jú, àtúnṣe àti èlé orí owó tẹ́ ẹ yá mọ́ ọn. Nínú gbogbo wọn, èyí tí ojú kì í tètè rí ló máa ń tóbi jù lára ọkọ̀ tuntun, ìyẹn bí iye rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀. Ọkọ̀ tuntun sábà máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Tó bá fi máa pé ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdajì ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká pe iye ọkọ̀ tuntun kan ní 100, kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹni tó rà á ní 100, tó lò ó fún ọdún 5, tó tà á ní 50, ti pàdánù 50. Ẹlòmíràn dúró kí irú ọkọ̀ kan náà pé ọdún 3, ó rà á ní 65, òun náà lò ó fún ọdún 5, ó tà á ní 35. Àdánù tirẹ̀ jẹ́ 30. Ogún tó wà láàárín wọn yìí ni gbogbo àríyànjiyàn tuntun àti àlòkù dá lé lórí. Tí àtúnṣe àlòkù láàárín ọdún márùn-ún náà kò bá fi 20 ju ti tuntun lọ, ẹni tó ra àlòkù ló jèrè. Tó bá jẹ́ pé gíà ni ó kọṣẹ́ lọ́dún kejì, tí ẹ́ńjìnì sì tẹ̀ lé e, ogún náà ti lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ kò fi ṣiṣẹ́ kò sì sí nínú ìṣirò.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni iye rẹ̀ ń já bákan náà o. Àwọn kan wà tí àwọn èèyàn ń wá débi pé èyí tó ti pé ọdún mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí tuntun. Ẹ lè fi alẹ́ kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n. Ẹ wá irú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ iye tí wọ́n ń pe ti ọdún 1, ọdún 3, ọdún 5 àti ọdún 8 sílẹ̀, ó kéré tán mẹ́rin mẹ́rin fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ibi tí iye náà ti já jù. Ẹ̀yìn ibi tó já yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti rà. Bó bá jẹ́ pé ti ọdún mẹ́ta ṣì ń gba ju 85 nínú 100 lọ, ẹ ra tuntun. Kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa gba ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò fún ẹ̀dínwó tó kéré bẹ́ẹ̀.

Epo ń kọ́? Ká ní ẹ ń rin kìlómítà 15,000 lọ́dún. Ọkọ̀ tó ń mu lítà 10 fún kìlómítà 100 yóò mu lítà 1,500. Èyí tó ń mu lítà 7 yóò mu 1,050. Lítà 450 lọ́dún, 2,250 láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó sọ pé àlòkù ẹlẹ́ńjìnì ńlá yẹn dín owó. Ẹni tí kì í rìn ju kìlómítà 5,000 lọ́dún kò ní rí ìyàtọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó san owó gọbọi nítorí ọkọ̀ tí kì í jẹ epo.

Tí ẹ bá fẹ́ yáwó rà á, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: gbèsè máa ń rọra dín, iye ọkọ̀ tuntun sì máa ń yára já. Ẹni tí kò san nǹkankan sílẹ̀, tó ní òun á san án fún ọdún méje, lè jẹ gbèsè tó ju iye ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ fún ọdún bíi mélòó kan. Bí ìjàǹbá bá ba ọkọ̀ náà jẹ́ pátápátá lásìkò yẹn, iye tí ọkọ̀ tó ni adójútòfò máa ń san, kì í ṣe iye tí ẹ jẹ. Ẹ san ó kéré tán ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí gbèsè náà kọjá ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀wẹ̀, ẹ fi èlé wéra: àwọn ayánilówó sábà máa ń gba èlé tó kéré lórí tuntun ju ti àlòkù lọ, ìyẹn sì lè jẹ díẹ̀ nínú ogún tá a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ta ni tuntun tọ́ sí, ta ni àlòkù tọ́ sí

Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún lára tuntun ni ìmọ̀. Ẹ mọ̀ pé kò tíì forí sọ igi, omi kò gbé e rí, kò sí ẹni tó fi ọ́ìlì kan ṣoṣo rìn ín fún ọdún méjì. Wáráńtì sì wà, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún iye ọdún tàbí iye kìlómítà kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Lára àlòkù, ìmọ̀ yẹn gan-an lẹ máa fẹsẹ̀ ara yín wá. Àlòkù tí ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé sàn ju tuntun lọ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àlòkù tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tó ti ń bọ̀ kò sàn fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ ra tuntun tó bá jẹ́ pé ẹ máa lò ó fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, torí nígbà náà ìjá ọdún àkọ́kọ́ á ti pín sórí ọdún púpọ̀. Ẹ rà á náà tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílé, tí ọjọ́ kan tó bá dákú á da iṣẹ́ àti ilé ìwé rú, tí ẹ kò sì ní mẹ́káníìkì tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ẹ ra àlòkù ọdún 2 sí 4 tí ìwé bá wà, tí ẹ sì ti yọ 10 sí 15 nínú 100 owó náà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí àlòkù kò tíì ra ọkọ̀ tán. Bí 65 bá wà lọ́wọ́ yín, ọkọ̀ 57 lẹ ń wá.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nígbà tí ọmọdé bá wà nínú ọkọ̀. Ohun kan tó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là ni ESC. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ yìí á fa bíréèkì táyà kan ṣoṣo láti dá a padà sí ibi tí awakọ̀ yí sitíárìn sí. Ó di dandan lára gbogbo ọkọ̀ ìdílé tuntun ní Amẹ́ríkà láti ọkọ̀ ọdún 2012, ní Yúróòpù ó di dandan fún gbogbo tuntun láti oṣù kọkànlá ọdún 2014. Tí ẹ bá ń wo èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn láì tan ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ wò ó: àwòrán ọkọ̀ kékeré tí ìlà wíwọ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò tàn, yóò sì kú. Tí kò bá tàn rárá, kò ní in, tàbí kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ má sì fi ìràwọ̀ márùn-ún tí ọkọ̀ gbà nínú ìdánwò ààbò ọdún 2008 wé ìràwọ̀ márùn-ún ti ìsinsìnyí. Ìdánwò Euro NCAP, èyí tí wọ́n fi ń wọn ààbò ọkọ̀ ní Yúróòpù, tó ti wà láti ọdún 1997, ti le sí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí a ṣe ń wo àlòkù

Ìwé ṣáájú. Nọ́ńbà ṣáàsì, tí wọ́n ń pè ní VIN, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹ kà á lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá kan, lára férémù ilẹ̀kùn, àti lára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti inú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka pa ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára irin. Tó bá ní àmì pé wọ́n ha á, wọ́n jó o, tàbí wọ́n kùn ún yàtọ̀ sí àyíká rẹ̀, ẹ máa lọ. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ọdún rẹ̀: H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ti 2020 ni, tí àmì náà sì jẹ́ H, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ fi VIN náà wò ó lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà bóyá iṣẹ́ ìpèpadà kan, ìyẹn àṣìṣe tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ padà wá tún ṣe, wà lórí rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣe. Ẹ má fojú kéré èyí. Éábáàgì (àpò afẹ́fẹ́ tó ń ṣí nígbà ìjàǹbá) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tí wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti nǹkan bí ọdún 2002 sí 2015 lè fọ́ bí bọ́ǹbù kékeré, kí irin rẹ̀ sì fò sí ojú àti ọrùn awakọ̀, nítorí pé ooru àti ọ̀rinrin ti ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń rí èyí tí wọn kò tíì pààrọ̀.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á má tan ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Bẹ́ ẹ bá dé, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, wọ́n ti mú un gbóná kẹ́ ẹ má bàa gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnì ń sọ ní òtútù. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá tutù, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú tó mọ́ kò burú. Nǹkan funfun tó dà bí ògì pípò lè jẹ́ omi tó ń dara pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì sì ni a máa ń fura sí. Díẹ̀ rẹ̀ lè wà lára ọkọ̀ tó máa ń rin ìrìn kúkúrú nígbà òtútù, nítorí náà ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ pẹ̀lú: tí ọ́ìlì orí géèjì náà bá funfun, ẹ má ra ọkọ̀ náà. Ẹ ṣí rédíétọ̀, ní títutù nìkan o, torí omi gbígbóná ibẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Omi ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ tó mọ́, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ léfòó lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ omi lásán tó ti pọ́n fún ìpẹtà.

Ẹ wá ní kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnì nígbà tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú, epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù. Funfun tó pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrì lásán ni. Èyí tí kò tán, tí òórùn rẹ̀ dùn bíi ti ṣúgà, kúláǹtì, ìyẹn omi rédíétọ̀, ló ń jó.

Ọkọ̀ tí omi ti gbé ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí pé ó lè rin oṣù mẹ́ta láìsí wàhálà kí wáyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè fín lọ́fínńdà. Bẹ́líìtì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tán nínú ilé rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tó gbẹ̀yìn, èyí tí kì í sábà jáde. Ìlà ẹrẹ̀, àbààwọ́n omi tàbí èèhù ibẹ̀ ń jẹ́rìí. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, kẹ́ ẹ wo irin tó ń rọ́ lé lórí àti ìdí bóòtù rẹ̀. Ìpẹtà tó bá wà níbẹ̀ nínú ọkọ̀ ọdún mẹ́rin kò ní àlàyé mìíràn tó dára. Ẹ gbé táyà àpọ́jù kúrò nínú ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀ fún yanrìn.

Ti ìjàǹbá, ẹ fi ojú tẹ̀ lé àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ wo orí bóòtù tó di fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì mú: tí kíkùn orí rẹ̀ bá ti bó, wọ́n ti tú u rí. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré, kẹ́ ẹ máa gbé e lé ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti fà dáadáa, pọ́tì tí àwọn panẹ́ẹ̀lì bíítà fi ń dí ihò ló wà níbẹ̀ (àmọ́ kì í fa álúmíníọ̀mù tàbí pílásítíìkì, nítorí náà ẹ fi apá kan wé ìkejì). Tí fẹ́ńdà kan ti yípadà, kò ní kẹ́ ẹ sá. Tí ó bá jẹ́ irin ìsàlẹ̀ tó gbé ẹ́ńjìnì ni wọ́n ti jó pọ̀, ẹ sá.

Máìléèjì, ìyẹn iye kìlómítà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ní ọkọ̀ ti rìn, ṣeé yí padà. Ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ bó ti yẹ sábà máa ń rin kìlómítà 15,000 sí 20,000 lọ́dún. Ọkọ̀ ọdún 8 tó ní kìlómítà 45,000 lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà orí pẹ́dàlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì jẹ tán, awọ sitíárìn kò gbọdọ̀ tíì máa dán, etí ìjókòó awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ tíì wó. Rọ́bà pẹ́dàlì tó tuntun gbáko nínú ọkọ̀ àtijọ́ náà ń sọ nǹkan. Ẹ wá sítíkà ìyípadà ọ́ìlì lára férémù ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sábà máa ń kọ kìlómítà sí i, àwọn tó ń yí ojú rẹ̀ padà sì máa ń gbàgbé wọn.

Táyà mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 3521 ni ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021. Táyà tuntun máa ń ní jíjìn nǹkan bíi mìlímítà 8. Tó bá ti dé 1.6, ó ti dé ààlà òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó ti wù kó nípọn tó. Táyà tó jẹ lápá kan ju èkejì lọ ń sọ pé ẹsẹ̀ kò tọ́ mọ́, ẹ sì ní láti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kì í ṣe yíyí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa rédíò. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ẹ ti gíà láti P (ìdúró) sí R (ẹ̀yìn), kẹ́ ẹ dúró, láti R sí D (iwájú), kẹ́ ẹ dúró. Gíà gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì láìsí pé ọkọ̀ ta wìì. Tó bá pẹ́, tàbí tó gbá yín lẹ́yìn, ọ́ìlì gíà ti bàjẹ́ tàbí inú gíà ti jẹ, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ohunkóhun lọ lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Níbi tí ọkọ̀ bá ní géèjì ọ́ìlì gíà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí ó bá ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ mọ̀. Tí ẹ bá yí sitíárìn dópin, tí ẹ sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí ẹ gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, jọ́ìntì CV, ìyẹn oríkèé tó ń gbé agbára gíà lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni. Tí ìró gígùn kan bá ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀, béárìn ẹsẹ̀ ni tàbí táyà. Tí sitíárìn bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, àwo bíréèkì ti wọ́. Ìwọ̀nyí kò wúwo; ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, owó wọn ni ẹ máa yọ nínú iye ọkọ̀.

Ẹ béèrè bóyá táìmín bẹ́líìtì (bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì ẹ́ńjìnì máa bá ara wọn rìn) ni ẹ́ńjìnì náà ń lò àbí ṣéènì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì láàárín kìlómítà 100,000 sí 160,000, tàbí lẹ́yìn iye ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bó bá já nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì di ohun tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Tí kò bá sí rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò tíì ṣe é, kẹ́ ẹ sì yọ owó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mẹ́káníìkì, tiyín, kì í ṣe tẹni tó ń tà á. Kó gbé ọkọ̀ sókè, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ síkáànù kà á. Ẹ ní kó wo ju kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀ lọ, kó wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ yẹn, tàbí kó yọ bátìrì. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná tàbí oníbátìrì àti epo pọ̀, àyẹ̀wò bátìrì ńlá rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Wáráńtì bátìrì náà sábà máa ń jẹ́ ọdún 8 tàbí kìlómítà 160,000, ẹ ṣírò iye tó kù. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé mẹ́káníìkì kankan kò gbọdọ̀ wo ọkọ̀ òun, ìdáhùn yín ti jáde.

Tó bá jẹ́ tuntun lẹ yàn

Tuntun náà ní ọ̀fìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ẹ yẹra fún ọdún àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọkọ̀ kan padà láti ìdí dé orí, pàápàá tí ẹ́ńjìnì àti gíà bá jẹ́ tuntun pẹ̀lú. Ọdún kejì ni wọ́n máa ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú ọ̀nà tá a sọ lókè, torí ọkọ̀ lè ti dúró nínú ọgbà fún ọdún kan kí wọ́n tó tà á, kí bátìrì rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ẹ ka bébà iye owó láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun ìpara abẹ́ ọkọ̀, ohun ìdán ara, àfikún wáráńtì, gbogbo rẹ̀ ni ẹ lè ní kí wọ́n yọ. Fún kìlómítà 1,000 sí 1,500 àkọ́kọ́, ẹ má sá eré àsápajúdé, ẹ má sì fi eré kan náà rìn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ìtọ́jú, nítorí pé ẹni tí kò bá lè fi hàn pé òun yí ọ́ìlì lásìkò lè rí i pé wáráńtì kò gba ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ra àlòkù

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é sáfíìsì. Ẹ yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti fílítà rẹ̀, ọkọ̀ ìdílé púpọ̀ ń gba lítà 4 sí 5, ìwé ọkọ̀ ló máa sọ iye àti irú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì àti ti inú ọkọ̀. Ẹ yí omi bíréèkì tí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n yí i láàárín ọdún méjì, nítorí ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, tí bíréèkì bá sì gbóná níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, ọ̀rinrin náà á hó, pẹ́dàlì á sì wọlẹ̀ láì mú ọkọ̀. Ẹ yí kúláǹtì àti ọ́ìlì gíà sí irú tí ìwé ọkọ̀ sọ gan-an. Ọkọ̀ onígíà CVT, ìyẹn gíà tó ń yí ara rẹ̀ padà láìní ìpele, tí wọ́n bá da ọ́ìlì gíà lásán sí lè bàjẹ́ kíákíá. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà márààrún, ti àpọ́jù pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ fi í sínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí i, kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo ohun tẹ́ ẹ yí, kẹ́ ẹ sì fi rìsíìtì rẹ̀ há a. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín yóò béèrè.